Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ìwúwo Ohun Tí Kì Í Dúró Dè Wá

Ìlà méjì péré ni mo fi mẹ́nu ba àwọn ègé oníkúáàkì mẹ́rin àti oníkúáàkì márùn-ún lóṣù tó kọjá, mo sì sáré kọjá lọ. (Kúáàkì ni ẹ̀yà kékeré tó para pọ̀ di àwọn ègé bíi pírótọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé inú ọkàn átọ́ọ̀mù.) Ẹ̀yin òǹkàwé ò jẹ́ kí n lọ. Mẹ́rin ni mo mú nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ gùn jù ni mo fi ṣáájú, torí ẹni tó bá fò ó, àwọn yòókù ò ní yé e dáadáa.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì. Ẹ sọ pé àwọn onímọ̀ kan máa ń sọ ìwúwo ègé oníkúáàkì mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Báwo lèèyàn ṣe ń wọn ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́? Tí wọ́n bá sì wá rí i, ṣebí ẹ ní kì í pẹ́ tó fi ń túká. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e sórí ìwọ̀n? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjàyè, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, ìbéèrè méjì lo dì pọ̀. Jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló rọrùn.

Kò sẹ́ni tó ń gbé e sórí ìwọ̀n. Ègé náà á ti túká kí ẹ̀rọ kankan tó fojú kàn án. Àwọn ọmọ tó bí ni ẹ̀rọ ń rí: pírótọ́ọ̀nù kan níbí, káọ́ọ̀nù kan lọ́hùn-ún, míúọ́ọ̀nù méjì. Ihò róbótó kan wà lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí ìlú Geneva, níbi tí Switzerland àti ilẹ̀ Faransé ti pààlà. Yíyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú kí pírótọ́ọ̀nù sáré títí wọ́n á fi forí gbárí. Ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ LHCb á wọn agbára tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé jáde àti ìhà tó kọrí sí. Agbára kì í sọnù, torí náà, tí a bá ṣe ìṣirò gbogbo àwọn ọmọ pọ̀ bó ti yẹ, ìwúwo òbí wọn á jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ò tó o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkọlù ni wọ́n ń ṣe é fún, wọ́n á wá ya àwòrán iye ìgbà tí ìwúwo kọ̀ọ̀kan jáde. Níbi tí ègé gidi bá wà, ìlà àwòrán náà á yọ gegele. Orí gegele yẹn ló ń sọ ìwúwo, fífẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ bí ègé náà ti pẹ́ láyé tó. Gegele tó bá fẹ̀, ègé rẹ̀ tètè kú. Èyí tó bá tín-ín-rín, ó pẹ́ díẹ̀.

Má jẹ́ kí "díẹ̀" yẹn tàn ọ́. Oníkúáàkì márùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní Pc(4312). Gegele rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 10 MeV. MeV yìí ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwúwo nínú iṣẹ́ náà. Pírótọ́ọ̀nù kan jẹ́ 938. Kọ 1 sílẹ̀, kọ òdo 23 tẹ̀lé e, kí o wá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà iye yẹn. Bí ìpín 7 péré nínú rẹ̀ ni Pc(4312) ń lò láyé.

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì gbìyànjú rẹ̀ á ní ṣebí ìwúwo àwọn kúáàkì la máa rò pọ̀. Ó dáa, rò ó fún pírótọ́ọ̀nù. Lẹ́tà bíi u, d, s, c àti b ni a fi ń pe oríṣi kúáàkì. Kúáàkì u méjì àti d kan ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan bíi 2.2 MeV ni u kọ̀ọ̀kan, d sì jẹ́ bíi 4.7. Àròpọ̀ rẹ̀ ò pé 10. Níbo ni 938 ti wá? Ó wá láti inú agbára tó so wọ́n mọ́ra àti eré tí wọ́n ń sá nínú ibẹ̀, torí Einstein ti fi hàn pé agbára náà ní ìwúwo. Agbára ìsopọ̀ yìí gan-an ni wàhálà. Ó le débi pé kò sẹ́ni tó lè fi pẹ́ńsùlù àti ìwé ṣírò rẹ̀ tán.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí i po ò kéré. Àwọn kan á pín àyè àti àkókò sí ojú kéékèèké, wọ́n á wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ńlá ṣírò rẹ̀ láti ojú kan sí èkejì. Òun ni mo fọkàn tán jù, àmọ́ ó ń jẹ iná, ó ń jẹ owó. Àwọn mìíràn ń lo ìlànà kan tí Shifman, Vainshtein àti Zakharov gbé jáde ní 1979. Èyí tí èmi fẹ́ràn láti fi kọ́ ọmọ ni ti àwọn tó ń yá ìwúwo lára ègé tí a ti mọ̀. Wọn ò wo kúáàkì lásán, wọ́n ń wo iye tó ń wọ̀n nígbà tó bá wà nínú ègé. Nípa báyìí, u tàbí d lé ní 300 MeV, c sì jẹ́ nǹkan bíi 1,700. Wọ́n á wá fi díẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò, bí àwọn kúáàkì náà ṣe ń yí sí ara wọn àti bí àwọn tó wúwo ṣe ń fa ara wọn tó.

Wo ibi tó gbé wọn dé. Ní 2014, Marek Karliner àti Jonathan Rosner ṣírò ègé kan tó ní c méjì àti u kan. Wọ́n ní 3,627 MeV ni yóò jẹ́, kí wọ́n fún àwọn ní ààyè àṣìṣe 12, ìyẹn ni pé ó lè fi 12 lé tàbí kó fi 12 dín. Ní 2017, LHCb rí i: 3,621. Mo kígbe lọ́jọ́ tí mo kà á, ọmọ ọmọ mi sì sáré wá wò ó bóyá mo ṣubú. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọkùnrin méjì yìí tún gba ọ̀nà yẹn ṣírò oníkúáàkì mẹ́rin: c méjì, pẹ̀lú òdì u àti òdì d (òdì ni ìbejì kúáàkì tí iná ara rẹ̀ yí sí òdìkejì). Wọ́n ní 3,882, ààyè àṣìṣe 12 náà ni. Ní oṣù Keje 2021, LHCb kéde rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Tcc. Ìwúwo rẹ̀ fi díẹ̀ dín sí 3,875.

Wàyí o, fetí sílẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń sáré. Ibi tí iye náà dúró sí ṣe pàtàkì ju iye náà fúnra rẹ̀ lọ. Ègé kan ò lè túká di ohun tó wúwo ju òun alára. Ká ní o dúró ní gáréèjì Kútọ̀, tí owó ọwọ́ rẹ fi náírà kan péré dín sí owó ọkọ̀ Ìbàdàn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ò ní gbé ọ, o ò sì tíì há, torí owó náà lè tó Ọ̀dẹ̀dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Tcc. Àwọn ègé méjì tí ì bá wù ú láti túká sí ni D0 àti D*+. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 3,875.1, irú àròpọ̀ yìí ni a ń pè ní ààlà. Nǹkan bíi 0.36 MeV ló fi dín sí i, kò wọkọ̀ yẹn. Ó wá lọ sí D0 méjì pẹ̀lú píọ́ọ̀nù kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ bíi 3,869, owó tó sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò ju MeV bíi 5 sí 6 lọ. Ìdí nìyẹn tí gegele rẹ̀ fi tín-ín-rín gan-an.

Padà sí 3,882 ti Karliner àti Rosner. Ó fi 7 péré yàtọ̀ sí òótọ́, kò sì jáde nínú ààyè àṣìṣe wọn. Nínú ìwúwo, wọ́n gba máàkì. Ṣùgbọ́n òkè ààlà ni 3,882 wà, ègé gidi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gba 3,882 gbọ́ pátápátá á ní Tcc máa wọ ọkọ̀ Ìbàdàn láìsí ìdíwọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Torí náà, bí o bá ka iye kankan nínú iṣẹ́ yìí, wá ààlà tó sún mọ́ ọn, kí o sì wò ó bóyá ààyè àṣìṣe náà fẹ̀ ju àlàfo àárín wọn lọ. Bó bá fẹ̀ jù ú lọ, a ò tíì mọ bí ègé náà ṣe máa túká.

Tíṣà wa, mo gé ìròyìn kan pamọ́ láti 2003 pé àwọn ará Japan rí ègé oníkúáàkì márùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò sí i. Ní 2015, wọ́n tún ní àwọn rí i. Èwo ni irọ́ nínú rẹ̀? — Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, Ìbarà

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ìwé. Ìlú tí Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859 nìyí, kò yà mí lẹ́nu pé ẹnì kan ṣì ń gé ìròyìn pamọ́ níbẹ̀.

Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni gegele tí ìkọlù tó gbé e dìde ò pọ̀ tó. Ní 1997, Diakonov, Petrov àti Polyakov ti sọ pé oníkúáàkì márùn-ún kan yóò wà ní 1,530 MeV, àti pé gegele rẹ̀ yóò tín-ín-rín. Ní 2003, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní SPring-8 ní Japan rí gegele ní nǹkan bíi 1,540, wọ́n pè é ní Theta+. Àwọn mìíràn náà wo iṣẹ́ tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọn rí i. Ní tèmi, bí iye náà ṣe bá ti 1997 mu ló kó bá wọn: ẹni tó ti mọ ibi tí òun máa wò, kì í pẹ́ tó fi ń rí nǹkan ńbẹ̀. Ní 2005, àwọn CLAS ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà tún iṣẹ́ náà ṣe, ìkọlù tí wọ́n kó jọ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Gegele náà ò yọjú.

Ti 2015 yàtọ̀. LHCb ń wo bí ègé kan tó ń jẹ́ Lambda-b ṣe ń túká sí J/psi, pírótọ́ọ̀nù àti káọ́ọ̀nù. Wọ́n rí i pé J/psi àti pírótọ́ọ̀nù máa ń ti inú òbí kan náà jáde, wọ́n sì dárúkọ òbí méjì, ọ̀kan ní 4,380, ọ̀kan ní 4,450. Nígbà tí ìkọlù wọn pọ̀ sí i ní 2019, 4,450 pín sí méjì, 4,440 àti 4,457, òmíràn sì yọ ní 4,312. Ti Theta+ parẹ́ nígbà tí ẹ̀rí pọ̀. Èyí ń mọ́ sí i ni. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé nǹkan mìíràn ni wọ́n rí ní 2015, kì í ṣe Theta+ ló jí dìde. Òdì s ni wọ́n ní ó wà nínú ti 2003. Nínú ti LHCb, c àti òdì c ló wà ńbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wo ààlà rẹ̀ náà. Sigma-c àti òdì D, bí a bá rò wọ́n pọ̀, jẹ́ nǹkan bíi 4,318. Pc(4312) fi bíi 6 dín sí i. Torí èyí ni àwọn kan ṣe ní kì í ṣe kúáàkì márùn-ún tó há sójú kan, pé ègé méjì ló rọra so mọ́ra, bí pírótọ́ọ̀nù àti níútírọ́ọ̀nù ṣe so mọ́ra nínú haidirójìn tó wúwo. Àwọn kejì ò gbà. Àwọn ti àkọ́kọ́ lèmi ń bá lọ, torí kò jọ mí lójú pé ègé kan lè dúró sí ìsàlẹ̀ ààlà pẹ́kípẹ́kí bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Ó kàn jẹ́ pé ẹjọ́ náà ò tíì parí.

Bàbá, ìròyìn kan wà tí ẹ ò gé, bóyá torí kò pariwo. Ọdún 2003 yẹn náà, Japan náà, ni ẹgbẹ́ Belle rí ègé kan tí wọ́n pè ní X(3872). Ó ń túká sí J/psi àti píọ́ọ̀nù méjì. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 3,871.65. Ààlà D0 àti òdì D*0 jẹ́ 3,871.69. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ti rí i láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn pé ó wà. Orí ohun tó jẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń jiyàn, torí òkè ààlà ni àbí ìsàlẹ̀, àlàfo náà kéré jù fún ẹ̀rọ láti sọ.

Ìyá, kí la máa fi gbogbo èyí ṣe? Ṣé ó máa fún wa níná? — Mẹkáníìkì, Láfẹ́nwá

Rárá. Kò ní fún wa níná, kò ní wo ibà, kò sì ní dín owó epo kù. Àwọn tó ń tọrọ owó fún irú iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé CERN, ilé iṣẹ́ ìwádìí tó ni ihò kìlómítà 27 yẹn, ni wọ́n ti dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníkúáàkì márùn-ún ló dá a. Agbára tó so kúáàkì pọ̀ ló fún àwọn òòlù àti sípánà yín ní ìwúwo wọn, a ti ní òfin rẹ̀ lọ́wọ́ láti 50 ọdún sẹ́yìn, síbẹ̀ a ò tíì lè fi òfin yẹn ṣírò gbogbo ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ torí ariwo kékeré kan tẹ́ ẹ gbọ́, ó yẹ kó yé yín.

Ìyá Tíṣà, ẹ kú àdúrótì. Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ mi tó ń kàwé físíìsì ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí ègé kan tó ní kúáàkì b méjì. Ó máa ń lo jẹnẹrétọ̀ mi mọ́jú nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní ta ló rí ègé náà rí, ó ní kò tíì sẹ́ni tó rí i. Ṣé iṣẹ́ ni èyí àbí eré? Mo ń sanwó epo. — Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ojú ọjà kì í ṣeré. Iṣẹ́ ni. Mo tiẹ̀ lè sọ pé ọmọ yín mọ ohun tó yẹ kéèyàn mú. Ẹni tó fẹ́ wá ègé yẹn rí, àfi kó dé ibi ihò kìlómítà 27 tí mo sọ lókè. Ẹni tó fẹ́ ṣírò rẹ̀ lè jókòó sí Ìtòkú, kó ní kọ̀ǹpútà, ìwé àti sùúrù. Àti epo, ṣé ẹ rí i.

Òdì u àti òdì d ló wà pẹ̀lú b méjì náà nínú ègé tó ń wá. Kúáàkì b wúwo ju c lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, àwọn méjì tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sì ń fa ara wọn mọ́ra gan-an. Ààlà tó kàn án ni ti àwọn ègé méjì tó ń jẹ́ B àti B*, àpapọ̀ wọn jẹ́ 10,604 MeV. Ní 2017, Karliner àti Rosner, àwọn tí mo sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ìjàyè, ní 10,389 ni ègé náà máa jẹ́. Ìyẹn fi 215 dín. Kì í ṣe ti Tcc tí kò pé 1 nìyẹn. Owó rẹ̀ ò tó ọkọ̀ Ìbàdàn, kò tó ti Ọ̀dẹ̀dá, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn. Ìtúká aláìlágbára nìkan ló ṣẹ́kù fún un, èyí tó jọ èyí tó ń sọ níútírọ́ọ̀nù di pírótọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ èyí ò yá rárá. Ègé náà á wá pẹ́ láyé ju Pc(4312) lọ ní ìlọ́po bílíọ̀nù mélòó kan. Nínú gbogbo oníkúáàkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ti rí, kò tíì sí irú rẹ̀. Èyí tó fà á tí wọn ò tíì fi rí i ni pé, kí b méjì jáde nínú ìkọlù kan náà, kí wọ́n sì sún mọ́ra tó láti di ẹyọ ègé kan, ó ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ṣírò rẹ̀, àti àwọn oníkọ̀ǹpútà ńlá náà, gbà pé ìsàlẹ̀ ààlà ló wà. Bó ṣe jìn tó ni ẹnu wọn ò kò lé lórí: àwọn kan ní bíi 100, àwọn kan ní ó lé ní 200.

Tó bá wálé ní Sátidé, ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, kí ẹ wá bi í pé, "Iye tìrẹ, ṣé òkè 10,604 ni àbí ìsàlẹ̀?" Ojú rẹ̀ á là. Tó bá ní òkè ni, ẹ ní kó ṣàlàyé ìdí tóun fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìdí. Tó bá ní ìsàlẹ̀, ẹ bi í bóyá ó wà nísàlẹ̀ 10,559 pẹ̀lú, torí láàárín iye méjèèjì yẹn, ègé náà ṣì lè ju ìmọ́lẹ̀ nù kó sì túká sí B méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè ààyè àṣìṣe rẹ̀. Tó bá sọ fún yín pé òun fi 80 wà nísàlẹ̀ ààlà, pé ààyè àṣìṣe òun sì jẹ́ 100, ẹ má tíì ra epo mìíràn. Ẹ ní kó lọ tún un ṣe lójú ọ̀sán.